Áńténà méjì lọ sí Àgbádárìgì

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá, 2025

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa nígbà tí èmi àti àbúrò mi bọ́ sílẹ̀ nínú rélùwéè ní Mile 2. Àpò kan wà lẹ́yìn mi, òmíràn wà láyà, ọ̀pá ìpẹja gbọọrọ kan sì wà léjìká mi bí ìbọn ọdẹ. Ọ̀pá yẹn kò pa ẹja rí. Áńténà ni mo fi ṣe: mo ta wáyà kan mọ́ ọn lára láti ìdí dé orí, mítà 5 ó lé díẹ̀, ìyẹn ìdá mẹ́rin ìgbì kan lórí 14 MHz. Ọ̀pá jẹ́ ₦18,000, wáyà jẹ́ ₦4,000. Ìkejì rẹ̀ wà nínú àpò, irin tí kì í dípẹtà, tó ń fà jáde ní oríkèé-oríkèé. Ẹ̀gbọ́n kan ló bá mi rà á bọ̀ láti Amẹ́ríkà. Mi ò ní sọ iye rẹ̀ níbí, torí ìyàwó mi máa ń ka ohun tí mo bá kọ. Mo ti sọ ọ̀kan ní Tálákà, mo sọ ìkejì ní Olówó, orúkọ yẹn ni n ó sì máa fi pè wọ́n.

Ohun tí mo ń wá lọ kò ju ẹyọ kan lọ. Gbogbo àwa tí à ń fi rédíò ṣeré, tí wọ́n ń pè ní ham, la ti gbọ́ ọ tipẹ́ pé áńténà tó bá dúró lóòró létí òkun máa ń ṣe bí ẹni tó lo oògùn. Ní àwọn ọdún 1990, àwọn kan tó pe ara wọn ní Team Vertical kó áńténà òòró lọ sí etíkun Jàmáíkà fún ìdíje, wọ́n sì figagbága pẹ̀lú àwọn tó ní òpó gogoro. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i lórí iyanrìn tiwa.

Ọkọ̀ Àgbádárìgì gba ₦2,500 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ndọ́ wo ọ̀pá mi, ó ní ₦1,000 ni tiẹ̀, pé ó ga ju èèyàn lọ. A dúnàádúrà títí ó fi gba ₦500, ni mo bá dá a dùbúlẹ̀ sábẹ́ ìjókòó, orí rẹ̀ yọ síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Ọ̀nà náà dára níbi tó ti dára. Níbi tí kò ti dára, awakọ̀ á yà sí ọwọ́ kejì lọ pàdé àwọn tó ń bọ̀, gbogbo ọkọ̀ á dákẹ́, ìyá kan lẹ́yìn á máa pe Jésù jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn Agbára ni ibi àyẹ̀wò bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀. Mo ka mẹ́rìnlá kí ó tó sú mi.

Níbi kẹsàn-án ni wọ́n ti ní kí n sọ̀kalẹ̀.

“Kí lèyí?”

“Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Áńténà ni, sà.”

“Áńténà kí ni? Ṣé orí òkun lo ti fẹ́ lọ wo tẹlifíṣọ̀n ni?”

Ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mo fa ìwé àṣẹ rédíò mi yọ, mo ṣí àpò fúnra mi kí ó tó sọ pé kí n ṣí i, mo ń fi nǹkan hàn án lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbé Olówó sókè, ó fà á jáde títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gún ọkùnrin tó ń ta búrẹ́dì lójú. Ìyá tó ń pe Jésù ló gbà mí sílẹ̀. Ó yọ orí láti ojú fèrèsé, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ó máa lọ. Ẹ ò rí i pé ojú ẹ̀ jọ ti tíṣà ni?” Wọ́n ní kí n máa lọ.

Fún ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀nà yẹn pẹ̀lú irú ẹrù yìí: kí o kó ìwé àṣẹ rẹ dání, kí o ṣe ẹ̀dà mẹ́ta, kí o sì fi ọ̀kan sínú ọ̀rá. Kí wọn kí wọ́n tó bi ọ́ ní ohunkóhun. Má tan rédíò nínú ọkọ̀, kódà bó o bá fẹ́ fi hàn wọ́n pé ó ń ṣiṣẹ́.

Ilé ẹ̀gbọ́n ìyá mi la wọ̀ sí, gbogbo wa ń pè é ní Màmá Àgbádárìgì. Ilé náà wà lápá àríwá ìlú, ó tó kìlómítà kan ààbọ̀ sí etí ọ̀sà. Ó gbé ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ẹja tútù síwájú wa kí a tó jókòó. Ojú rẹ̀ wà lára ọ̀pá mi ní gbogbo ìgbà tí à ń jẹun. Nígbà tó yá, ó bi mí pé, “Ìwọ̀ ẹ̀ dà?” Mo ní kò ní ìwọ̀, mà. Ó ní, “Ọ̀pá ìpẹja tí kò ní ìwọ̀, ẹja wo lo fẹ́ fi pa?”

Lẹ́yìn oúnjẹ, a gbé Tálákà àti Olówó dìde nínú ọgbà, mítà mẹ́wàá sí ara wọn, wáyà ilẹ̀ méjì-méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn wáyà tí à ń nà gbọọrọ láti ìdí áńténà, tí a gbé ga dé orúnkún. Bí a ṣe ń wọn agbára wọn nìyí. Mo ní àpótí kékeré méjì, agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju 200 mílíwáàtì lọ, tọ́ọ̀ṣì lásán jù wọ́n lọ. WSPR, ọ̀nà ìfiránṣẹ́ kan tí à ń fi dán áńténà wò, ni wọ́n ń fọ́n sáfẹ́fẹ́. Joe Taylor ló gbé e jáde ní 2008, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ físíìsì méjì tó pín ẹ̀bùn Nobel ní 1993. Bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ rẹ̀ jọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó túmọ̀ sí kí èèyàn sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, bó sì ṣe ń ṣe náà nìyẹn. Nígbà tí aago bá kan ìṣẹ́jú tó ṣeé pín sí méjì, àpótí á fi nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 110 sọ ohun mẹ́ta péré: àmì ìpè mi, ibi tí mo wà (JJ16 ni Àgbádárìgì lórí máàpù àwa ham), àti iye agbára rẹ̀. Àwọn rédíò tó ń tẹ́tí káàkiri ayé á kọ ohun tí wọ́n gbọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú bó ṣe dún sí ní dẹ́síbẹ́ẹ̀lì, ìyẹn dB. Tí àpótí méjèèjì bá sọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú kan náà, tí etí kan náà gbọ́ wọn, a ò lè di ìyàtọ̀ àárín wọn ru ojú ọ̀run. Áńténà tàbí ilẹ̀ ló fà á.

Láti aago méjì sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, tí mo sì ń pààrọ̀ àpótí láàárín kí ọ̀kan má baà rẹ́ ìkejì jẹ, ìyàtọ̀ Tálákà àti Olówó kò tó 1 dB. Àbúrò mi wo mí. Èmi náà wo ilẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 24

Bí wọn kò ti yàtọ̀ síra, mo pinnu pé Olówó ni yóò jókòó sílé nínú ọgbà, Tálákà ni yóò máa rìn. Tí òkun bá gbé ọ̀kan lọ, mo mọ èyí tí n ó lè sunkún fún ọjọ́ kan péré. Mo fi àbúrò mi ṣọ́ ọgbà, mo fún un ní bátìrì méjì àti ₦2,000 owó oúnjẹ, mo wọ okadà lọ sí etí ọ̀sà ní Marina.

Mo kọ́kọ́ lọ kí àgbàlagbà tó ń bójú tó èbúté. Mo sọ ohun tí mo fẹ́ ṣe. Ó ní kò burú, kí n ṣáà má jẹ́ kí wáyà mi kọ́ ẹsẹ̀ àwọn oníbàárà. Mo fi Tálákà sí ẹ̀gbẹ́ omi gan-an, débi pé wáyà ilẹ̀ kan nà jáde sórí ọ̀sà.

Wákàtí kan lọ, kò sí nǹkan kan. Kò sí ẹni tó gbọ́ Tálákà ní gbogbo ayé. Mo yẹ wáyà wò, mo yẹ bátìrì wò, mo tú okùn kóásì tó so àpótí mọ́ áńténà, mo tún un so. Gbogbo rẹ̀ pé. Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn ni mo rí i pé abẹ́ páànù bùkà kan ni mo gbé àpótí sí nítorí oòrùn, páànù sì ti bo ojú GPS rẹ̀. Láìsí GPS àpótí kò mọ aago, WSPR tí kò bá sì mọ aago kò ní sọ̀rọ̀. Mo sún un síta bí ìgbésẹ̀ méjì, ó jí.

Ọ̀sán ọjọ́ náà kò gún régé rárá. Òjò dé pẹ̀lú àrá, mo sáré wó ọ̀pá lulẹ̀. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré: ohun tó ga jù létí omi ni àrá máa ń wá, ní oṣù Kẹwàá àrá kì í sì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ìyá tó ni bùkà ní kí n wọlé, ó yí àga fún mi, ó sì jẹ́ kí n ki fóònù mi bọ iná rẹ̀. Mo ra ìrẹsì tí wọ́n fi omi àgbọn sè lọ́wọ́ rẹ̀, ₦2,500 pẹ̀lú ẹja. Ìrẹsì yẹn nìkan tó ohun tí èèyàn lè tìtorí rẹ̀ wá sí Àgbádárìgì. Nígbà tí mo fẹ́ san owó iná, ó ní, “Ta ló ń ta iná? Jẹun rẹ.”

Nígbà tí òjò dá, mo tún ọ̀pá gbé dìde, mo sì jẹ́ kó ṣiṣẹ́ di ìrọ̀lẹ́. Tálákà létí ọ̀sà fi 1 sí 2 dB ju Olówó nínú ọgbà lọ. Ìyẹn kò tó ohun tí èèyàn ń gbé ẹrù gba ibi àyẹ̀wò mẹ́rìnlá fún. Mo ti ìka bọ omi, mo tọ́ ọ wò. Iyọ̀ inú rẹ̀ kò tó ti ọbẹ̀ aláìsàn. Mo rántí pé odò Yewa ń da omi òjò sínú ọ̀sà yìí, àkókò òjò la sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde nínú rẹ̀. Omi pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi tí kò níyọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju ilẹ̀ tútù lọ lójú ìgbì rédíò. Bí omi òkun ṣe ń gba iná kọjá tó bíi 5 siemens ní mítà kan. Ilẹ̀ tí kò dára tí kò burú jẹ́ nǹkan bí 0.005, iyanrìn gbígbẹ sì lè má ju 0.001 lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo ti ka nọ́ńbà yìí nínú ìwé, mo sì gbójú fò ó. Lórí ahọ́n ni mo ti wá gbọ́ ọ yé.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ 25

Gberefu lónìí. Erékùṣù tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun ni, ọ̀nà tí wọ́n gbé àwọn baba wa gbà lọ sínú ọkọ̀ ẹrú wà níbẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi gba ₦1,500 lọ́wọ́ mi, ₦500 fún ẹrù. Ẹ wọ ẹ̀wù agbénilérí-omi tí wọ́n bá fún yín, ẹ má ṣe bí ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tó fi tiẹ̀ ṣe ìrọ̀rí. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí a fi gúnlẹ̀. Láti ibẹ̀, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn gba àárín igi àgbọn. Okadà wà o, àmọ́ mo fẹ́ wo ọ̀nà náà bó ṣe rí. Mi ò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí rẹ̀. Ẹni tó bá rìn ín á mọ ìdí tí èèyàn fi máa ń dákẹ́ níbẹ̀.

Òkun náà kì í ṣe ti eré. Ìgbì ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ó ń ga bí ògiri, ó ń wó lulẹ̀ pẹ̀lú ariwo. Ẹ má wẹ̀ níbẹ̀. Àwọn apẹja Ògù (Ẹ̀gùn) ti ń fa àwọ̀n wọn bọ̀ sétí iyanrìn, bí ogún èèyàn lórí okùn kan, tí wọ́n ń fi orin gbé ẹsẹ̀. Wọ́n kí mi ní Ògù, mo dáhùn ní Yorùbá, a sì gbọ́ ara wa yé. Bí mo ti fẹ́ ri ìdí ọ̀pá mọ́lẹ̀, baba kan fi orin sílẹ̀, ó wá bá mi.

“Ọmọ mi, ìwọ̀ rẹ dà?”

Mo ṣàlàyé fún un. Ó gbọ́ títí mo fi parí, ó sì fi ẹsẹ̀ tọ́ka sí ìlà ewé, èèpo àgbọn àti ọ̀rá tó nà lórí iyanrìn. Ó ní ibi tí òkun dé lóru àná nìyẹn, ohun tí mo bá gbé sísàlẹ̀ rẹ̀, òkun ló ni ín. Ó tún ní iyanrìn kì í di igi mú. Ó gba àpò ìrẹsì òfìfo kan lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó bu iyanrìn kún un, ó so okùn mọ́ ọn, ó sì gbẹ́ ilẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, ó rì í mọ́ ibẹ̀. Ó ṣe mẹ́ta bẹ́ẹ̀ yí ọ̀pá ká. Láti àárọ̀ di alẹ́, pẹ̀lú gbogbo afẹ́fẹ́ òkun yẹn, Tálákà kò mì. Mo fẹ́ fún un ní owó, kò gbà. Ó ní kí n wá bá wọn fa àwọ̀n ni. Mo fà á. Àtẹ́lẹwọ́ mi ṣì ń ta mí bí mo ti ń kọ èyí.

Aago mẹ́wàá kọjá ni Tálákà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, mítà mẹ́rin sí ibi tí ìgbì ń dé, wáyà ilẹ̀ méjèèjì kọjú sí òkun. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò lágbára níbẹ̀. Fóònù mi tiẹ̀ fò lọ sí ti orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ń kí mi káàbọ̀ sí ìlú tí mi ò dé. Nítorí náà mo dúró títí di ọ̀sán kí n tó rí èsì kankan. Ẹ̀rín pa mí nígbà tó wọlé. Ẹni tó gbọ́ Tálákà jù lọ ni DP0GVN, rédíò tó wà ní ilé ìwádìí Neumayer ti Jámánì ní Antarctica, ó ju kìlómítà 8,000 lọ sí gúúsù gan-an, níbi tí omi ti di òkúta. Ẹ̀ẹ̀mẹtàlélógún ló gbọ́ Tálákà lọ́jọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló gbọ́ Olówó. Nígbà méjì tó gbọ́ méjèèjì pọ̀, 9 dB ni ìyàtọ̀. Ní Brazil àti Gúúsù Áfíríkà ó ń lọ láti 7 sí 10. Kí ẹni tí kì í ṣe ham lè mọ̀ ọ́n: 10 dB ni kí èèyàn sọ agbára rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́wàá. Wáyà ₦4,000 létí omi ń ṣe iṣẹ́ tó jẹ́ pé, nínú ọgbà Màmá, ẹ̀rọ olówó ńlá ni ìbá ṣe é.

Aago kan ọ̀sán, ìgbì kan dé tí kò bá àwọn yòókù gbìmọ̀. Ó gun iyanrìn, ó kọjá ìlà tí baba fi hàn mí, ó gbé bátìrì mi nílẹ̀, ó sì ń mú un lọ bí ìyá tó rí ọmọ rẹ̀. Mo bẹ́ lé e lórí. Ọ̀pá dúró (àpò iyanrìn baba!), àmọ́ bátìrì ti mu omi iyọ̀, mo sì gbọ́ tó ń ṣe “ṣẹ̀ẹ̀”. Èyí tí mo fi pamọ́ ni mo lò láti ìgbà náà, orí àpótí ẹja tí àwọn apẹja yá mi ni mo sì gbé e sí. Ohun tó yẹ kí n ti ṣe láàárọ̀ nìyẹn.

Ní ìrọ̀lẹ́ mo pa WSPR, mo tan rédíò 20 wáàtì. Ìdíje CQ World Wide ti ohùn ń lọ lọ́wọ́, gbogbo ayé ló wà lórí afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá pè ọ́, ohun tí wàá fún un ni 59 (ìyẹn ni pé o gbọ́ ọ ketekete) àti nọ́ńbà ẹkùn rẹ, 35 ni ti Nàìjíríà. Mo pe ará Brazil kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó dáhùn lójú ẹsẹ̀. Mo pe ará Argentina, ó dáhùn. Nígbà tí mo wá fìdí kalẹ̀ lórí ìgbì kan, tí mo ń pè fúnra mi, wọ́n ya bò mí bí eṣinṣin. Àmì ìpè tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5N, ti Nàìjíríà, kì í pọ̀ nínú ìdíje. Èèyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n láàárín wákàtí kan. Ọ̀kan nínú wọn wà ní Bahia, nǹkan bíi 5,000 kìlómítà. Omi nìkan ló wà láàárín èmi àti òun. Mo fẹ́ bi í bóyá ó mọ Ṣàngó, àmọ́ nínú ìdíje kò sí àyè ọ̀rọ̀. “Five nine three five”, ó ti lọ.

Mo gbàgbé aago. Nígbà tí mo fi dé èbúté, ilẹ̀ ti ṣú, mo sì ti gbà pé n ó sùn sábẹ́ igi àgbọn. Ọlọ́kọ̀ tó gbé mi wá láàárọ̀ ṣì jókòó síbẹ̀, ó ń jẹ gàrí. Ó ní, “Mo ka àwọn tí mo gbé wá. Ẹnì kan kù.” Kò fi kọ́bọ̀ kan kún owó rẹ̀.

Ní alẹ́, mo jókòó pẹ̀lú Màmá, mo ń to nọ́ńbà. Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tó ti ń dà mí láàmú láti ọ̀sán. Ọ̀rẹ́ mi kan ní London ti tan rédíò rẹ̀ láti àárọ̀, ó ń dúró dè mí. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: “Ṣé o ti tan án?” Ní Yúróòpù, Tálákà àti Olówó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, 1 dB, nígbà mìíràn òfo. Mo wo máàpù. Òkun Àgbádárìgì kọjú sí gúúsù! Ìgbì tó ń lọ sí London, ẹ̀yìn ló gbà jáde: lórí iyanrìn, ọ̀sà, ìlú, gbogbo Sàhárà. Kò fẹsẹ̀ kan iyọ̀ rárá. Iwájú áńténà ni òkun ti ń ràn án lọ́wọ́, níbi tí ìgbì ti ń fò kúrò nílẹ̀ ní ìrẹ̀lẹ̀, tó sì nílò ilẹ̀ tó ń dán bí dígí láti tì í jáde. Wáyà ilẹ̀ ń tún ibi tí ẹsẹ̀ áńténà dé ṣe, kò lè tún ibi tí ojú rẹ̀ dé ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ bá Brazil tàbí Gúúsù Áfíríkà sọ̀rọ̀, kó wá síbí. Ẹni tó bá fẹ́ bá London sọ̀rọ̀, kó wá etíkun tó kọjú sí àríwá. A ò ní irú rẹ̀.

Àìkú, ọjọ́ 26

Mo padà sí Gberefu ní kùtùkùtù torí ìbéèrè kan ṣoṣo: báwo ló ṣe yẹ kí èèyàn sún mọ́ omi tó? Mo fi wákàtí kan-kan gbé Tálákà kiri, mo sì ń wo àwọn tó wà ní gúúsù nìkan. Mítà mẹ́rin sí omi, 8 dB. Mítà 25, ó ṣì ń fi 6 ju Olówó lọ. Mítà 60, 3. Mítà 110, lórí òkè iyanrìn gbígbẹ lábẹ́ àgbọn, níbi tí òjìji wà, tí èèyàn á ti fẹ́ jókòó: Olówó nínú ọgbà fi díẹ̀ borí rẹ̀. Mo gbọ́ ariwo òkun níbẹ̀, mo rí i, atẹ́gùn rẹ̀ ń fẹ́ mi. Kò ran áńténà lọ́wọ́. Òwúrọ̀ kan péré ni mo fi wọ̀n ọ́n, nítorí náà ẹ má fi nọ́ńbà mi búra. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní láti yàn láàárín òjìji àti omi, ẹ fi fìlà dé orí.

Baba apẹja kò sí níbẹ̀, wọ́n ní ó ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo fi àgbọn mẹ́fà tí mo rà (₦500 ọ̀kọ̀ọ̀kan) sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, ọmọ náà sì rẹ́rìn-ín sí mi: àgbọn fún ará Gberefu! Ó di ẹja sawá sínú ọ̀rá fún mi.

Nígbà tí mo fẹ́ tú ẹrù, gbogbo ẹnu okùn kóásì mi ti di àwọ̀ ewé, ọjọ́ méjì péré. Ẹ fi omi kànga fọ gbogbo irin kí ẹ tó kúrò nílùú, ẹ nù ún, ẹ fi vaseline kùn ún. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀rá ìdi-ẹrù. Atẹ́gùn òkun á wọ inú rẹ̀.

Mo gbé ẹja fún Màmá. Ó wò ó, ó wo ọ̀pá, ó ní, “Ó pa á ṣá.” Ó dín ẹja náà, ó fi ẹ̀kọ gbígbóná àti ata tì í, a jẹ ẹ́ kí a tó lọ. Ó di baba dúdú ọ̀rá méjì fún ìyàwó mi.

Ọkọ̀ ìpadàbọ̀ kún fún àwọn tó ń bọ̀ láti Sẹ̀mẹ̀, wọ́n sì yẹ̀ wá wò ju ti àlọ lọ. Wọ́n tú àpò ìyá kan lẹ́ẹ̀mẹrin. Tèmi, ẹ̀ẹ̀kan. Ọkùnrin ọjọ́sí kò sí níbi kẹsàn-án. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ la wọ Mile 2.

Iyanrìn ti wọ oríkèé kẹta ọ̀pá náà, kò sì fẹ́ wọlé mọ́, nítorí náà bó ṣe gùn ni mo ṣe gbé e gba inú rélùwéè, tí àwọn èèyàn ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún un. Ó wà nínú báàfù omi ọṣẹ báyìí, orí rẹ̀ yọ jáde láti ojú fèrèsé ilé ìwẹ̀. Ìyàwó mi ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì ìgbà tí yóò kúrò níbẹ̀.